Hóró Mọ́kànlá Tó Jọ Kú Lẹ́ẹ̀kan

Lọ́jọ́ tí lẹ́tà dé pé wọ́n ti gba iṣẹ́ Sùmáyà Láwàl láti tẹ̀ ẹ́ jáde, ó ti rẹ̀ ẹ́ kọjá kó yọ̀. Inú ọkọ̀ tròtrò ló ti kà á lórí fóònù, láàárín obìnrin kan tó gbé agbọ̀n tòmátì lé ẹsẹ̀ àti ọkùnrin kan tó ń sun oorun. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó fi fóònù padà sínú àpò, ó sì ń wo ojú pópó. Ìgbà tó sọ̀kalẹ̀ ní Aboabo ló tó rántí pé ó yẹ kí òun sọ fún ẹnì kan.

Bàbá rẹ̀, Àlùfáà Láwàl, ń kó wàláà àwọn ọmọ ilé-kéú jọ níwájú ilé.

"Bàbá, wọ́n ti gbà á."

"Èyí tí o ti ń ṣe láti ọdún mẹ́fà yẹn?"

"Òun náà ni."

"Àlùhàmúdùlíláì," bàbá wí. Ó wo ojú ọmọ rẹ̀ títí. "Kí ló dé tó dà bíi pé wọ́n kọ̀ ọ́?"

Sùmáyà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní kò sí nǹkan. Òótọ́ ló sọ. Kò sí nǹkan tó ṣe é ju pé ó rẹ̀ ẹ́. Ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni. Agboolé tí wọ́n bí i sí náà ló ṣì ń gbé, èyí tí bàbá bàbá rẹ̀ kọ́ nígbà tó ti Ìlọrin wá ṣòwò aṣọ ní Kumasi. Àárọ̀ ló ń jáde lọ sí yunifásítì, ìrọ̀lẹ́ ló ń wọlé, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún kìíní ní físíìsì, ó ń yẹ ìwé wọn wò, ìgbà tó bá sì ráyè ló ń ṣe ìwádìí tirẹ̀ fún oyè dókítà.

Ìwádìí náà kò rọrùn láti ṣàlàyé fún ará ilé. Àwọn ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní kúáńtọ́ọ̀mù dọ́ọ̀tì. Hóró ni wọ́n, wọ́n kéré débi pé bí a bá to ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọn ò ní fẹ̀ ju fọ́nrán irun kan lọ. Bí a bá tan iná lésà sí wọn lábẹ́ maikirosikóòpù, hóró kọ̀ọ̀kan á máa tàn pupa bí ẹyinná nínú òkùnkùn. Ṣùgbọ́n kì í tàn lọ láìdúró. Á kàn kú lójijì, á tún tàn, á tún kú, láìsí ẹni tó pa á tàbí tó tàn án. Àwọn onímọ̀ ní ó ń ṣẹ́jú.

Iṣẹ́ Sùmáyà ni láti ka bó ti pẹ́ tó nínú ìmọ́lẹ̀ àti bó ti pẹ́ tó nínú òkùnkùn, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, lórí hóró kọ̀ọ̀kan, títí iye rẹ̀ á fi di ẹgbẹẹgbẹ̀rún, kó sì wá fi gbogbo rẹ̀ ya ìlà kan. Àwọn òkùnkùn kéékèèké pọ̀ bí iyanrìn. Àwọn tó gùn ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kì í tán; bí èèyàn bá ṣe ń wò pẹ́ tó ni yóò máa rí èyí tó tún gùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Nítorí náà kò sí iye kan tí wọ́n lè mú pé òun ni ti àárín. Bí ìlà náà ṣe dagẹ̀rẹ̀ tó ni gbogbo ayé ń wò, ìdagẹ̀rẹ̀ tí wọ́n sì ń rí níbi gbogbo kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra.

Ti Sùmáyà yàtọ̀. Yàrá ìwádìí wọn ti rí ọ̀nà kan láti fi ìbora tuntun bo hóró wọ̀nyí, àwọn tí wọ́n bò náà sì ń pẹ́ nínú òkùnkùn ju èyí tí ẹnikẹ́ni ti rí rí lọ. Ohun tó wà nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbà nìyẹn. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Jámánì sì ti kọ̀wé pé tó bá ti jáde, àyè ọdún méjì wà fún un ní ilé ìwádìí òun.

Ohun kan ló kù. Àwọn olóòtú tó gba iṣẹ́ náà ní kó fi àwòrán kan sí i lẹ́yìn, kó mú fídíò kan ṣoṣo, kó to gbogbo hóró tó wà nínú rẹ̀ sábẹ́ ara wọn, kí òǹkàwé lè fojú ara rẹ̀ rí bí wọ́n ṣe ń ṣẹ́jú.

Ọjọ́ Ajé ló ṣe é, lẹ́yìn ìrun àyìlá, nígbà tó ti yẹ ìwé ọmọ ọgọ́ta wò tí ojú ń ta á. Ó mú fídíò kan tó ní hóró mọ́kànlá. Kò tíì tò wọ́n pọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni iṣẹ́ rẹ̀ dá lé. Kọ̀ǹpútà ló ń gé hóró kọ̀ọ̀kan jáde, tó ń yọ ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò, tó sì ń kà á lọ́tọ̀. Ó tẹ bọ́tìnì, ìlà mọ́kànlá sì tò sílẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n ń lọ sókè, wọ́n ń lọ sílẹ̀.

Ó ti fẹ́ pa á dé nígbà tó rí i. Ní ìṣẹ́jú àáyá irínwó ó lé méjìlá, hóró kẹta kú. Ìkẹrin kú pẹ̀lú rẹ̀. Ìkarùn-ún kú. Ó gbé ìka lé ojú kọ̀ǹpútà, ó fà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Gbogbo mọ́kànlá ló kú ní ojú ẹsẹ̀ kan náà. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá méjìdínlógójì, gbogbo àwọn tó ṣì lè tàn tún tàn.

Ó tún ka ìlà mọ́kànlá náà. Hóró kan kò mọ̀ pé èkejì wà. Bí wọ́n bá jọ kú, kì í ṣe àwọn ni wọ́n kú.

Ó kọ́kọ́ rò pé òun ló kọ ètò kọ̀ǹpútà náà ní àṣìṣe, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ díẹ̀, nítorí èyí ṣeé tún ṣe. Ó yẹ̀ ẹ́ wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò rí àṣìṣe kankan. Ó ṣí fídíò mìíràn, ó tún ṣí òmíràn. Kí àkókò alásàrì tó tó, ó ti ṣí mẹ́sàn-án. Nínú mẹ́fà, ìgbà kan ó kéré tán wà tí gbogbo wọn jọ kú.

Ó lọ bá Kwesi. Kwesi ni ó ń tọ́jú àwọn ẹ̀rọ inú yàrá ìwádìí náà, ọkùnrin ará Dichemso kan tó ti ń tún rédíò ṣe kó tó wá síbẹ̀, tó sì mọ lésà náà ju ẹni tó ṣe é lọ. Twi ni àwọn méjèèjì jọ máa ń sọ.

"Kwesi, tí mo bá fi fídíò sílẹ̀ kó máa ká, tí mo jáde, ṣé iná máa ń rọ̀ níbí?"

"Iná lè rọ̀. Lésà kò ní mọ̀. A ní sitabiláísà tó ń mú iná dúró..."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo abẹ́ tábìlì lésà, níbi tí eruku ti ya àmì onígun mẹ́rin sílẹ̀, níbi tí àpótí irin kan ti máa ń wà. Ó dìde díẹ̀díẹ̀.

"Mo gbé e lọ sí yàrá kejì," ó wí. "Fíríjì wọn ń kú, àwọn èròjà tí wọ́n fi ń ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fẹ́ bàjẹ́. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ kan ni. Mo kọ ọ́ sínú ìwé, Sùmáyà. Mo rántí pé mo kọ ọ́."

Wọ́n jọ ṣí ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ. Ó pẹ́ kí wọ́n tó rí i. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá, ọdún méjì sẹ́yìn: *Mo gbé sitabiláísà lésà lọ fún fíríjì. Ẹ yẹ ìmọ́lẹ̀ wò kí ẹ tó ká fídíò.* Lábẹ́ rẹ̀, ẹlòmíràn ti kọ *Mo ti rí i*, ó sì fi orúkọ sí i. Ọwọ́ Sùmáyà ni.

Ó gbìyànjú láti rántí ọjọ́ náà, kò rántí nǹkan kan. Bóyá ìwé ìdánwò ló kó dání. Bóyá ìṣẹ́jú kan péré ló ní láàárín kíláàsì kan àti èkejì, tó fọwọ́ sí ohun gbogbo tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ láìkà á.

"Due," Kwesi wí jẹ́jẹ́, bí wọ́n ti ń kí ẹni tí nǹkan ṣe.

"Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ. Èmi ni mo ní mo ti rí i."

Ní ọjọ́ kejì ó wọ yàrá Dókítà Georgina, ẹni tó ń bójú tó ìwádìí rẹ̀. Obìnrin náà ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó sì ku ọdún kan kó fẹ̀yìn tì. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sábẹ́ tábìlì nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú. Ó tẹ́tí sílẹ̀ láìgé Sùmáyà lẹ́nu. Nígbà tó parí, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń fi etí aṣọ nù ún.

"Yọ àwọn ibi tí wọ́n ti jọ kú kúrò," ó wí. "Kí ìyókù dúró."

"Mo gbìyànjú rẹ̀ lánàá, Màdáámù. Mo mọ ibi tí lésà ti kú pátápátá. Mi ò mọ ibi tó ti rọ̀ díẹ̀. Ààlà kan la fi ń pín wọn, tí hóró bá wà lókè rẹ̀ a ní ó tàn, tó bá wà nísàlẹ̀ a ní ó kú. Tí lésà bá rọ̀ díẹ̀, hóró tó ń tàn á bọ́ sísàlẹ̀ ààlà, a ó sì kọ ọ́ pé ó kú."

"Àwọn tí a kò bò ńkọ́? Ṣé iná kò rọ̀ fún àwọn náà?"

"Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, a ti wò wọ́n kí oṣù kẹwàá tó dé. Àwọn tí a bò, lẹ́yìn rẹ̀ ni ti ọ̀pọ̀ wọn."

Dókítà Georgina fi awò ojú rẹ̀ padà sójú. Ó yé e. Ìyàtọ̀ tí wọ́n ti ń pariwo rẹ̀ láti ọdún kan lè má jẹ́ ti ìbora rárá. Ó lè jẹ́ ti àpótí irin kan tí kò sí lábẹ́ tábìlì.

"Ta ló tún gbọ́?"

"Kwesi nìkan."

"Mo ti mú iṣẹ́ yìí lọ síwájú ìgbìmọ̀ yunifásítì," obìnrin náà wí. Ohùn rẹ̀ kò gòkè. "Òun ni mo fi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má ti yàrá ìwádìí yìí pa tí mo bá lọ. Jámánì tìrẹ náà wà níbẹ̀. Jẹ́ kó di ọjọ́ Ẹtì, Sùmáyà. Má kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni títí di ọjọ́ Ẹtì."

Sùmáyà ní ó dáa. Kò mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni obìnrin náà sọ tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Nígbà tó ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, èrò kan wá sí i lọ́kàn, ó sì jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Fídíò mẹ́ta wà tí wọn ò ti jọ kú. Tó bá mú ọ̀kan nínú wọn sínú àwòrán, kò sí ẹni tí yóò béèrè òmíràn. Kò ní láti parọ́. Kó kàn dákẹ́ ni, kó wọ ọkọ̀ òfuurufú, kó lọ sinmi. Ohun tó dẹ́rù bà á ni bí èrò náà ṣe rọrùn tó.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí àwọn ọmọ kéú ti lọ, ó jókòó ti bàbá rẹ̀ lórí ẹní. Ó ro gbogbo rẹ̀ fún un. Kò dárúkọ hóró tàbí lésà. Ó ní ẹlẹ́rìí kan ni òun gbẹ́kẹ̀ lé fún ọdún mẹ́fà, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀ pé ẹlẹ́rìí náà ti ń ṣì í sọ.

Bàbá rẹ̀ kọjú sí i. "Láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti ń ṣì í sọ?"

"Rárá, Bàbá. Ọjọ́ kan wà tó bẹ̀rẹ̀."

"O mọ ọjọ́ náà?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀."

"Tò." Ó tún ẹsẹ̀ rẹ̀ ká. "Nínú ìmọ̀ hádíìsì, àwọn kan wà tí wọ́n jẹ́ olóòótọ́, tí ọpọlọ wọn wá dàrú nígbà tí wọ́n dàgbà. Àwọn àgbà wa kò kó gbogbo ọ̀rọ̀ wọn dànù. Wọ́n wádìí ìgbà tí ìdàrúdàpọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn kí ó tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n gba tirẹ̀. Ẹni tó gbọ́ lẹ́yìn rẹ̀, wọn ò gbà. Ẹni tí kò mọ èwo ni tòun, wọ́n ní kó gbé e sílẹ̀."

"Èyí tó kù lè kéré, Bàbá."

"Ó lè kéré gan-an. Àwọn kan kó ẹgbẹ̀rún wọlé, ogójì ló kù lọ́wọ́ wọn." Ó wò ó. "Ṣé wọ́n máa bínú sí ọ níbi iṣẹ́?"

"Mi ò rò bẹ́ẹ̀. Ó ti rẹ gbogbo wa jù láti bínú."

Ní Ọjọ́rú ó jókòó ti ìwé àkọsílẹ̀, ó to gbogbo hóró rẹ̀ sí ìhà méjì. Igba ó lé mẹ́tàlá ni gbogbo wọn. Mẹ́rìnléláàádọ́rin ló wà ṣáájú ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá. Nínú ìwọ̀nyí, méjìlélógún péré ni wọ́n bò. Ó fi àwọn méjìlélógún náà ya ìlà. Ó dagẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ti gbogbo ayé. Ìbora náà kò ṣe nǹkan kan. Ó wo ìlà náà, ó rí i pé òun kò sunkún, ó sì dìde lọ kọ́ àwọn ọmọ ọdún kìíní.

Ní Ọjọ́bọ̀, òun àti Kwesi gbé ẹ̀rọ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ síwájú lésà. Kwesi lọ sí yàrá kejì, ó tan ẹ̀rọ amúlétutù ńlá wọn tó ń fa iná púpọ̀. Nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ náà já wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó dúró síbẹ̀ bí ẹni tó gbàgbé ara rẹ̀, lẹ́yìn nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú ló tó padà gòkè. Wọ́n pa á, wọ́n tún tàn án. Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀. Nígbà tí Kwesi padà wọlé tó rí ohun tí Sùmáyà kọ sílẹ̀, ó fa àga, ó jókòó, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú.

"Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ kan," ó wí. "Mi ò padà lọ gbé e."

Dókítà Georgina fúnra rẹ̀ ló sọ̀kalẹ̀ wá ní ọjọ́ Ẹtì. Ó di ògiri mú bó ti ń bọ̀ lórí àtẹ̀gùn. Kò sọ ohun tó ti rò láàárín ọjọ́ mẹ́ta náà, Sùmáyà náà kò bi í. Ó dúró níwájú lésà, ó ní kí Kwesi lọ tan ẹ̀rọ amúlétutù. Nọ́ńbà já wálẹ̀.

"Tún tàn án."

Ó tún já wálẹ̀. Obìnrin náà mi orí, kò sí ìbínú lójú rẹ̀. Ó jókòó sórí àga tí Kwesi fi sílẹ̀, ó ní kí Sùmáyà ṣí kọ̀ǹpútà.

"Kọ pé a fẹ́ gba iṣẹ́ wa padà kó tó jáde. Kọ ìdí rẹ̀ ní kíkún. Kọ pé kò sí ẹni tó tọ́ka rẹ̀ sí wa, àwa la rí i. Orúkọ mi ni kó ṣáájú, èmi ni mo ni yàrá."

Sùmáyà kọ ọ́. Nígbà tó dé ibi ọ̀rọ̀ sitabiláísà, ó dúró.

"Má dárúkọ Kwesi," Dókítà Georgina wí.

"Mi ò fẹ́ dárúkọ rẹ̀, Màdáámù. Ó kọ tirẹ̀ sílẹ̀. Tèmi ni mo fẹ́ kọ, pé èmi fọwọ́ sí i, mi ò sì kà á."

"Ṣé dandan ni?"

"Àwọn tó bá kà á á fẹ́ mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀."

Obìnrin náà mí kanlẹ̀. "Kọ ọ́, nígbà náà."

Lẹ́tà náà lọ kí ìrun Jímọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn olóòtú dá wọn lóhùn pẹ̀lú ìlà mẹ́ta, wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì yọ iṣẹ́ náà kúrò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Jámánì ní ọ̀rọ̀ tó dára púpọ̀ láti sọ. Ó ní òun bọ̀wọ̀ fún ohun tó ṣe. Ó tún ní wọ́n gbọ́dọ̀ mú ẹnì kan kí oṣù náà tó parí, àwọn sì ti mú ẹlòmíràn.

Kwesi ti gbé sitabiláísà padà kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé. Sùmáyà fi oṣù mẹ́wàá ká fídíò tuntun. Lọ́tẹ̀ yìí kò kúrò nínú yàrá òkùnkùn náà nígbà tí wọ́n bá ń ká. Ó ń jókòó síbẹ̀, ó ń wo nọ́ńbà ìmọ́lẹ̀, ìgbà mìíràn oorun á gbé e lọ lórí ìjókòó, Kwesi á sì fọwọ́ kàn án léjìká, á ní òun á wò ó títí tó fi máa jí. Ìlà tí wọ́n rí kò yí padà. Hóró tí wọ́n bò àti èyí tí wọn ò bò, bákan náà ni wọ́n ń ṣẹ́jú.

Ìwé tó fi gba oyè dókítà kò sọ ohun tuntun kan nípa ìbora. Ó ní orí kan tí Dókítà Georgina bẹ̀ ẹ́ kó dín kù, tí kò dín in, nípa bí èèyàn ṣe lè mọ̀ pé lésà ló kú, kì í ṣe hóró. Ọ̀gbẹ́ni tí wọ́n pè láti Accra wá dán an wò kò béèrè ohun púpọ̀ lórí ìyókù. Orí náà ló ń tú, ojú ìwé lórí ojú ìwé, fún wákàtí kan ààbọ̀. Nígbà tó parí, ó ní òun fẹ́ mú un lọ kí òun fi yẹ fídíò tàwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun wò nílé, nítorí ẹ̀rù ti ń ba òun. Wọ́n ní kó jáde síta, wọ́n tún pè é wọlé, wọ́n kí i kú oríire.

Òjò ń rọ̀ nígbà tó jáde ní ẹnu ọ̀nà yunifásítì. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Yaa, tó ń sun ọ̀gẹ̀dẹ̀ lábẹ́ agboòrùn ńlá. Sùmáyà ra méjì pẹ̀lú ẹ̀pà. Ó fẹ́ máa lọ, ó kàn dúró sínú òjò.

"Ara rẹ kò yá ni?" Yaa bi í.

"Ara mi yá. Ó rẹ̀ mí ni."

Yaa ti àpótí kékeré kan sún mọ́ ọn. Sùmáyà jókòó lórí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, ó bó èèpo tó jóná lára ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí òjò ti ń rọ̀.